Oúnjẹ Ẹni Tí Wọ́n Ń Fi Ẹ̀rọ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Bí a bá fẹ́ lọ kí aláìsàn, ohun tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ wa ni ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi èso inú páálí. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ́ kí bá jẹ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àpò èso yẹn lè ṣe é ní jàǹbá ńlá. Ohun tó ń fún ara ẹlòmíràn lókun lè dá ọkàn tirẹ̀ dúró.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún aláìsàn fúnra rẹ̀, fún aya tàbí ọmọ tó ń dáná fún un, àti fún ẹbí, ará àti ọmọ ìjọ tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Kò gba ipò dókítà tàbí onímọ̀ nípa oúnjẹ tó wà ní ilé ìwòsàn, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìwọ̀n tirẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ jẹ eléyìí, kí ẹ má jẹ tọ̀hún, kí ẹ sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ béèrè.

ISẸ́ KÍNDÌNRÍN ÀTI IBI TÍ AGBÁRA Ẹ̀RỌ MỌ

Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì: wọ́n ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dà sínú ìtọ̀, wọ́n ń lé omi tó pọ̀ jù jáde, wọ́n sì ń mú kí iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Wọ́n tún ń ṣe èròjà kan tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó máa pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ. Nígbà tí méjèèjì kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, fífọ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní dialysis ló kù, àfi bí aláìsàn bá rí kíndìnrín ẹlòmíràn gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, kíndìnrín tó dá ṣáṣá sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 3 ló sì sábà yẹ kí aláìsàn lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12. Nínú wákàtí 156 tó kù, ohunkóhun tí aláìsàn bá jẹ tàbí tó bá mu, inú ara rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí rẹ̀ yóò dúró sí títí di ọjọ́ tí yóò tún padà sórí ẹ̀rọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni kò lówó láti lọ ní ìgbà 3. Ìgbà 2 ni àwọn kan ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, títí kan UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti FMC Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè ní èyí tó sún mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: bí ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà kan sí èkejì bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣọ́ra lórí oúnjẹ gbọ́dọ̀ le tó. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè jẹun bí ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

ÌLÀNÀ TÓ YÍ PADÀ: ẸRAN, ẸJA ÀTI ẸYIN

Kí aláìsàn tó dé orí ẹ̀rọ, dókítà lè ti sọ fún un pé kó dín ẹran, ẹja àti ẹyin kù, kí ìwọ̀nba kíndìnrín tó kù má baà ṣe àṣekú. Nígbà tí fífọ ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò mọ èyí, tí wọ́n ṣì ń fún aláìsàn ní ògì àti ìrẹsì lásán nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ ní ọdún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kì í kó ìdọ̀tí nìkan lọ. Lára èròjà amúaradàgbà ń bá a lọ, ó lè tó gíráàmù 6 sí 12 ní ìjókòó kan. Bí aláìsàn kò bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, iṣan ara rẹ̀ yóò máa jó, egbò rẹ̀ kò ní tètè jinná, kòkòrò àìsàn yóò sì máa rí i gbé ṣánlẹ̀.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ gbà ni gíráàmù 1 sí 1.2 èròjà amúaradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹja tàbí ẹran jíjinná tó tó gíráàmù 100, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn, ní nǹkan bíi 20 sí 25. Nítorí náà, ẹyin 2, ẹja kan àti adìẹ kan lóòjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, nítorí ìrẹsì àti búrẹ́dì náà ní díẹ̀ tiwọn.

Ẹja tútù, adìẹ tí wọ́n bó awọ rẹ̀, ẹran tí kò lọ́ràá àti ẹyin ló dára jù. Funfun ẹyin dára púpọ̀ nítorí pé phosphorus, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ̀wà náà ní amúaradàgbà, àmọ́ ó ní ẹrù mìíràn tó gbé dání, nítorí náà díẹ̀ ni kí ẹ fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da omi tí ẹ fi sè é nù.

OMI: WÍWỌ̀N NI, KÌ Í ṢE MÍMU SÁÁ

Lítà omi kan wọn kílò kan. Omi inú ọ̀rá tí à ń rà ní ìgboro jẹ́ 50cl, ìyẹn ni pé ìdajì kílò ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn tí kò lè tọ̀ mọ́ bá mu ọ̀rá omi 4 lónìí, kílò 2 ló ti gbé sára. Omi yẹn yóò kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àti ojú, yóò wú u. Bó bá tún pọ̀ sí i, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ, aláìsàn kò sì ní lè sùn lọ́gbọọrọ mọ́ nítorí pé èémí kò ní délẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá sì padà dé orí ẹ̀rọ, wọn yóò ní láti fa omi púpọ̀ jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń fa kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀ lójijì, kí iṣan sì máa fà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rọrùn. Ẹ gba gbogbo ìtọ̀ tí aláìsàn tọ̀ ní ọjọ́ kan, láti àárọ̀ dé àárọ̀ kejì, sínú ike tí ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Ẹ fi mìlílítà 500 kún un. Ẹni tó tọ̀ mìlílítà 200 lè mu mìlílítà 700 lóòjọ́, ìyẹn ọ̀rá omi kan àti ife kékeré kan. Ẹni tí kò tọ̀ rárá, ọ̀rá omi kan àti díẹ̀ lórí rẹ̀ ni tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti wí.

Gbogbo ohun tó bá ń ṣàn ló wà nínú ìṣirò yìí: tíì, ògì, ọbẹ̀ ẹran olómi, mílíìkì, yìnyín, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, àti omi tó fi gbé oògùn mì. Omi zamzam àti omi tí wọ́n ṣe àdúrà sí náà wà níbẹ̀. Oore wà nínú wọn, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n nínú ara. Bàrà olómi náà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí òùngbẹ má baà borí aláìsàn, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí iyọ̀ dín kù, nítorí iyọ̀ ló ń pe omi. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn omi rẹ̀ sínú ìgò kan láràárọ̀, kó máa mu láti inú rẹ̀. Bó bá mu ògì tàbí tíì, ẹ da irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìgò. Ẹ fún un ní ife kékeré dípò ńlá. Kó fi omi tútù yọ ẹnu, kó sì tú u dànù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà àlùwàlá. Ó lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ kan ra ètè. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ náà ń fa òùngbẹ, nítorí náà kó má ṣe fi oògùn ṣúgà rẹ̀ ṣeré.

Ẹ ra ìwọ̀n tí wọ́n ń gùn. Kí aláìsàn gùn ún láràárọ̀ kó tó jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yóò sọ ìwọ̀n tó yẹ kó wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa omi àpọ̀jù jáde. Ohun tí yóò fi gbé ara sí i kó tó di ìgbà tó kàn kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn lọ. Fún ẹni tó wọn kílò 60, kílò 2.4 nìyẹn, bó bá sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn.

IYỌ̀, MAGÍ ÀTI KÁN-ÚN

Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kó wọ ẹnu aláìsàn lóòjọ́ kò ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí wọ́n fi ọwọ́ nù dọ́gba. Kì í ṣe iyọ̀ tí ẹ fọ́n sí ọbẹ̀ nìkan là ń wí. Iyọ̀ wà nínú magí, nǹkan bí ìdajì horo rẹ̀ ni iyọ̀. Ó wà nínú núdù tí wọ́n ń sè ní kíákíá, nínú sadíìnì, nínú ẹja àti ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, nínú búrẹ́dì, nínú ìrù tí wọ́n fi iyọ̀ há mọ́ra kó má baà bàjẹ́. Kán-ún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà náà, iyọ̀ ilẹ̀ ni. Kí ẹ mú un kúrò nínú oúnjẹ aláìsàn pátápátá.

Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, potassium ni wọ́n fi rọ́pò sodium inú rẹ̀. Ó lè dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ.

Oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ kò ní kí ó má dùn. Àlùbọ́sà, áyù, atalẹ̀, ata rodo, tàtàṣé, kọ́rì, táìmù, efinrin díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè mú ọbẹ̀ ta sánsán. Bí ìyá ilé bá lè se ìkòkò kan fún gbogbo ilé láìfi iyọ̀ sí i, kó bu ti aláìsàn kúrò, kó tó wá fi iyọ̀ sí ti àwọn yòókù, kò ní jẹ́ iṣẹ́ méjì.

POTASSIUM: ÈYÍ TÓ Ń PANI LÁÌSỌ

Potassium ni èròjà tó ń jẹ́ kí iṣan àti ọkàn máa lù déédéé. Nínú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, 3.5 sí 5 ló dára. Bó bá ti kọjá 6, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, ó sì lè dúró. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè má fi àmì kankan hàn ṣáájú. Aláìsàn lè jókòó kó máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣubú.

Àwọn oúnjẹ tí potassium pọ̀ nínú wọn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọsàn àti omi rẹ̀, ìbẹ́pẹ, píà, omi àgbọn, dàbínù àti àwọn èso gbígbẹ, tòmátò àti tòmátò inú agolo, iṣu, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà, ẹ̀pà, òfíò, àti ewébẹ̀ tí wọn kò bọ̀. Bọ̀lì àti ẹ̀pà tí a ń jẹ lójú ọ̀nà, méjèèjì ló kún fún un. Èso kan tí wọ́n ń pè ní star fruit, tó dà bí ìràwọ̀ bí wọ́n bá gé e, májèlé gan-an ni fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kó má tọ́ ọ wò rárá.

Ibí ni àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ti máa ń ṣì í. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ fún wọn pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, wíìtì àti ẹ̀wà ló dára fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ẹ̀rọ, àwọn oúnjẹ wọ̀nyí gan-an ni potassium àti phosphorus pọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n má dá ìpinnu ṣe. Kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ oúnjẹ wọn lọ bá onímọ̀ nípa oúnjẹ, kó bá wọn tò ó tuntun. Bákan náà, bí ṣúgà wọn bá já wálẹ̀ lójijì, glucose tàbí ṣúgà tí wọ́n pò sínú omi díẹ̀ ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe omi ọsàn.

Oúnjẹ tí potassium kò pọ̀ nínú wọn ni ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, sẹmó, ẹ̀kọ àti ògì tí wọ́n sẹ́ dáadáa. Gàrí, fùfú àti láfún náà sàn ju iṣu lọ, nítorí rírẹ ẹ̀gẹ́ àti fífún omi rẹ̀ ti gbé apá kan potassium rẹ̀ lọ. Nínú èso, ápù kan tí kò tóbi tàbí ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò burú.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀. Potassium máa ń yọ́ sínú omi, àwọn ìyá wa sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ ẹ̀fọ́ kí ìmọ̀ yìí tó dé:

1. Ewébẹ̀: ẹ gé e, ẹ bọ ọ́ nínú omi gbígbóná púpọ̀, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ sì fún un dáadáa kó tó wọ inú ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ya sínú ọbẹ̀ ní tútù kò sí fún un.

2. Iṣu àti ọ̀dùnkún: ẹ bó o, ẹ gé e kéékèèké, ẹ gbé e kaná nínú omi púpọ̀. Bó bá ti hó, ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn sí i, kí ẹ sì sè é jinná. Ẹ tún da èyí náà nù. Iṣu sísun àti dùndún kò rí omi tí yóò gbé potassium wọn lọ, nítorí náà kí aláìsàn yẹra fún wọn.

3. Ẹ̀wà: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é nínú omi tuntun, ẹ da ti híhó àkọ́kọ́ nù pẹ̀lú.

4. Ọbẹ̀ ata: ẹ jẹ́ kí tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀ ju tòmátò lọ, kí ẹ sì yọwọ́ tòmátò inú agolo.

Bí ẹ ti wù kí ẹ bọ ọ́ tó, gbogbo potassium rẹ̀ kò ní lọ tán. Ìwọ̀n díẹ̀ ni kó jẹ́ síbẹ̀. Omi tí ẹ sì fi bọ ẹ̀fọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ibẹ̀ ni agbára wà, kó bu ú fún aláìsàn mu.

Àwọn kan gbà pé èèyàn lè jẹ ohun tó wù ú nígbà tó bá wà lórí ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ yóò fọ̀ ọ́ dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ máa ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó dà nínú ikùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí aláìsàn jẹ lórí ẹ̀rọ lè máà tíì wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán títí tí yóò fi délé.

PHOSPHORUS: OHUN TÓ Ń JẸ EGUNGUN DÍẸ̀DÍẸ̀

Phosphorus kì í pani lójijì bíi potassium. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ara yóò máa yún aláìsàn, egungun yóò máa rọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa le gbagidi. Ẹ̀rọ kì í lè fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ó pọ̀ nínú mílíìkì, yógọ́ọ̀tì, nọ́nọ̀, wàrà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran, edé, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ tegungun-tegungun, ẹ̀pà, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò aláwọ̀ dúdú. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi sínú oúnjẹ kó má baà bàjẹ́ ló burú jù, nítorí ara ń fa gbogbo rẹ̀ tán, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ ni ara ń rí fà nínú ti ẹ̀wà àti ọkà.

Dókítà lè kọ oògùn tó ń so phosphorus pọ̀ mọ́ oúnjẹ kó má lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Irú oògùn yìí kò wúlò bí wọn kò bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó jẹun láago méjì, tó wá lo oògùn náà láago márùn-ún, owó oògùn rẹ̀ ti ṣòfò.

Ẹ̀JẸ̀ TÓ LỌ SÍLẸ̀, MÒÓTÌ ÀTI ÀGBO

Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti lọ sílẹ̀, ohun tí ẹbí máa ń ṣe ni kí wọ́n gún ewé ugu, kí wọ́n fún omi rẹ̀, kí wọ́n da mílíìkì àti móòtì pọ̀ mọ́ ọn. Fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, ife kan irú rẹ̀ jẹ́ omi, potassium àti phosphorus lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tìtorí àìjẹ ewé. Ìdí tó tóbi jù ni pé kíndìnrín kò pàṣẹ fún egungun mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣẹ yẹn wà, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó ní èròjà irin. Dókítà ni kí ẹ bi.

Àgbo náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n potassium tó wà nínú ìgò àgbo kan, omi sì ni gbogbo rẹ̀. Oògùn ìrora tí ènìyàn ń rà lórí àtẹ náà lè pa ìwọ̀nba ìtọ̀ tó kù fún aláìsàn. Fítámì pàápàá, èyí tí dókítà kọ nìkan ni kó lò, nítorí ẹ̀rọ ń fọ àwọn kan lọ, àwọn mìíràn sì ń kó jọ sínú ara.

ÀPẸẸRẸ OÚNJẸ ỌJỌ́ KAN

Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ fún àgbàlagbà tó wọn nǹkan bíi kílò 60. Kí onímọ̀ nípa oúnjẹ wò ó kí ẹ tó lò ó.

Àárọ̀: búrẹ́dì funfun ègé 3, ẹyin 2 (kí ó yọ inú pupa ọ̀kan kúrò bí phosphorus rẹ̀ bá ga), tíì ife kékeré kan tí kò ní mílíìkì.

Ọ̀sán: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata tí tàtàṣé pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ṣíbí ọbẹ̀ kan, ẹja tútù kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Ìrọ̀lẹ́: ápù kékeré kan tàbí ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan.

Alẹ́: ẹ̀bà tàbí sẹmó, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì fún, adìẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa oúnjẹ tí ẹ bá bá pàdé níbẹ̀ lè má mọ ohun tí àmàlà tàbí ẹ̀bà jẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún un pé iṣu gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe èyí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe tọ̀hún, kó lè bá yín wọ̀n ọ́n. Àwọn tó sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn nínú ilé wọn, ìlànà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀: potassium wọn kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n nílò amúaradàgbà dáadáa, ara wọn sì ń fa ṣúgà láti inú omi tí wọ́n ń dà sí ikùn wọn.

ÀÀWẸ̀ RÀMÀDÁÀNÌ ÀTI ỌDÚN ILÉYÁ

Ìbéèrè yìí máa ń yọ àwọn ẹbí lẹ́nu púpọ̀. Nínú Suratul Baqarah, āyà 184 àti 185, Ọlọ́hun ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn nípa ààwẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ṣàlàyé pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìrètí pé yóò lọ lè máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fídíyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún sọ pé fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ń ba ààwẹ̀ jẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń padà wọ inú ara pẹ̀lú èròjà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tí ara lè gbà, kí àáfà yín sì sọ ohun tí ẹ̀sìn wí. Ẹni tó gba ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun fún un kò ṣe àìgbọràn, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì fi ojú aláìnígbàgbọ́ wò ó.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ebi nìkan. Ní àkókò ìṣínu, dàbínù, omi ọsàn, àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti ògì ló ń tẹ̀lé ara wọn láàárín wákàtí kan, omi àti potassium á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aláìsàn bá jókòó ti àwọn ará ilé níbi ìṣínu, dàbínù kan péré tó fún un láti bá wọn pín nínú ẹ̀san náà, bí àyẹ̀wò rẹ̀ bá dára.

Ní ọdún Iléyá, ẹran tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dára fún un, bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, tí wọn kò fi iyọ̀ àti magí rẹ́ ẹ. Kí wọ́n má fún un ní ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti omi ẹran. Àríyá ọdún máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí ní orí ẹ̀rọ, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ SÁRÉ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Bí ẹsẹ̀ aláìsàn bá rẹ̀ ẹ́ lójijì débi pé kò lè dìde, bí àyà rẹ̀ bá ń lù ségesège, bí ètè tàbí ìka rẹ̀ bá ń ṣe rìrì, bí kò bá lè mí dáadáa nígbà tó bá dùbúlẹ̀, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó wà lórí dialysis àti ọjọ́ tó ṣe é kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé owó ló mú kó pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ aláìsàn wò, ẹ̀bùn tó dára jù tí ẹ lè mú lọ ni kéréètì ẹyin kan, adìẹ kan, tàbí owó tí wọn yóò fi san ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìjọ bá lè kó owó jọ kí ẹnì kan tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè máa lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi wákàtí 4 kún iṣẹ́ tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Èyí ju àpò ọsàn lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì san àwọn tó ń tọ́jú wọn ní ẹ̀san rere. Àmín.